Abọ́ Pépà Verlene Tolliver

Tí o bá rí bọ́ọ̀sì kan nílùú Ashby, ní Georgia, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí àárín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, tí ìdí rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tó mutí mọ́jú, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣe é. Bọ́ọ̀sì Àjọni ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ló ni ín, Gilead, Calloway àti Pisgah, kò sì sí èyí tó gbà kí ọ̀dà ẹlòmíràn borí tirẹ̀. Pisgah, tí ìdí ọkọ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, ṣì ń bínú di òní, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá wọn ìgbà náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìdí ni aráyé máa ń wò pẹ́ jù tí ọkọ̀ bá ti kọjá lọ.

Verlene Tolliver ló ń wa bọ́ọ̀sì yìí, ó sì ti ń wà á fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó síngbọnlẹ̀, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ kó tó wọkọ̀ yóò gbọ́ ohun tí ìyá tó bí i kò sọ sí i rí.

"Ìwọ, ṣé bàbá ẹ ló ra bọ́ọ̀sì yìí fún ọ ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí Verlene."

"Mi ò bínú. Tíṣà ẹ ló máa bínú. Jókòó, kí o sì ṣí fìlà lórí, a ò sí ní pápá bọ́ọ̀lù."

Lẹ́yìn náà, á wojú ọmọ náà nínú dígí, á bi í pé kí ni wọ́n kọ́ wọn lánàá. Tó bá sì sọ ọ́ lódì, Verlene á tún un sọ fún un kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ kejì. Àwọn ọmọ náà rò pé dírẹ́bà gbogbo ló máa ń mọ ohun tó pa ọba ilẹ̀ Faransé.

Ọ̀rọ̀ Àjọni fúnra rẹ̀ kò le. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta wà lórí òkè kan náà, kò sí èyí tó lágbára láti dá nǹkan ńlá ní, ni wọ́n bá ní ẹ jẹ́ ká jọ máa lò ó. Ilé ìkówèésí kan, ó wà ní Calloway. Yàrá sáyẹ́ǹsì kan, ó wà ní Pisgah. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan, ó wà ní Gilead, omi rẹ̀ sì tutù bí ojú rẹjísírà wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ibí lè ṣe kọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún lè ṣe kọ́ọ̀sì níbí, bọ́ọ̀sì kan ló sì ń kó gbogbo wọn kiri. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn mẹ́ta yìí, ọwọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ kan àyà ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ìjà àgbà ni. Gilead ní òun làgbà, pé ọdún 1867 ni àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ òun, nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Calloway ní irọ́ ni, obìnrin kan ti ń kọ́ èèyàn ní á-bí-dí lábẹ́ igi ní 1866, igi náà ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n lọ bi í. Pisgah á wá wúkọ́. Á ní ní 1859, kí òmìnira tó dé rárá, olùdásílẹ̀ òun ti ń kọ́ àwọn ẹrú níwèé ní ìkọ̀kọ̀ nínú àká àgbàdo. Ta ni ẹlẹ́rìí? Pisgah ni ẹlẹ́rìí.

Nítorí náà, ìwé yòówù tó bá ti ń fẹ́ ìbuwọ́lù àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé itẹ́ òkú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ buwọ́ lù ú ti fi ara rẹ̀ ṣe àgbà, ẹni tó bá buwọ́ lù ú kẹ́yìn ti gbà pé òun ni àbúrò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe àbúrò ẹnikẹ́ni ní Ashby. Ìwé tí wọ́n fi dá Àjọni sílẹ̀ gba ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó sú gbogbo ayé, wọ́n tẹ ìwé náà lọ́nà mẹ́ta, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan jókòó sí ọ́fíìsì tirẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n jọ buwọ́ lù ú nígbà tí aago ilé ẹjọ́ bá lu ẹ̀ẹ̀kẹwàá. Wọ́n ṣì ń jà títí di òní lórí ẹni tó ti buwọ́ lù ú nígbà tí aago lu ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án.

Verlene kò bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ìyá rẹ̀, Leola Tolliver, ló ń dáná fún àwọn ọmọ Gilead nígbà náà, Verlene ló sì kọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú gbogbo ìran wọn. Ọdún 1977 ni. Tíṣà ìtàn ló fẹ́ dà. Leola máa ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, bó ti ń la pápá kọjá lọ sí kíláàsì pẹ̀lú ìwé láyà, á sì sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gé ẹ̀fọ́ pé, "Ẹ wo ọmọ mi. Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn bí ẹni tó ni ilé ìwé."

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Verlene wà nínú kíláàsì ìtàn ní òdìkejì pápá, fèrèsé ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, ló bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. "Verlene! Verlene Mae Tolliver!" Kò sí ẹni tó ní irú ohùn yẹn ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, Leola lè fi ohùn rẹ̀ lé ajá kúrò lágbàlá ẹlòmíràn. Verlene jù ú sílẹ̀ níbẹ̀, gègé, ìwé, gbogbo rẹ̀, ó sáré.

Ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ láàárín òróró àti ẹja, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán.

"Da ẹja yẹn sínú epo ná," ni Leola wí, "kó tó di pé o bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tí mo bá ti dìde, wàá padà sí kíláàsì ẹ."

Ẹsẹ̀ náà kò jinná bó ṣe yẹ kó jinná. Nígbà tí Leola tó lè fi ọ̀pá rìn, Verlene ti di alásè pọ́ńbélé, àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti ń palẹ̀ mọ́ láti jáde. Ó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí iná yẹn. Láàárín ìgbà náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rufus Bledsoe fẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́ta ni Rufus lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó ní òun ń lọ sí Detroit lọ wáṣẹ́, ó sì dà bíi pé ó ṣì ń wá a. Verlene bọ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó kó bàtà rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí Àjọni ra bọ́ọ̀sì ní 1993 tí wọ́n ń wá dírẹ́bà, òfin kan ni Verlene kà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ka ìyókù. Òfin náà ní òṣìṣẹ́ Àjọni lè ṣe kọ́ọ̀sì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yòówù, ní sáà kọ̀ọ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀sì a sì máa sinmi fún wákàtí kan gbáko lójúmọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá kàn ní sáà náà. Báyìí ni Verlene ṣe bẹ̀rẹ̀. Kì í yan kọ́ọ̀sì, ibi tí bọ́ọ̀sì bá sinmi sí ló ń yàn án fún un. Tí bọ́ọ̀sì bá sinmi ní Calloway láàárọ̀, ewì ni yóò kà. Tó bá sinmi ní Pisgah lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀lọ́ ni yóò là, tòun ti aṣọ dírẹ́bà lọ́rùn, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ á máa ró wọnjanwọnjan bó ṣe ń wá ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í bínú sí i. Ohun kan tó dára nínú kí dírẹ́bà wà ní kíláàsì ni pé bọ́ọ̀sì kò lè fi ọ́ sílẹ̀ lọ.

Kọ́ọ̀sì ogójì ni dìgírì. Ó ní márùn-ún láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ó ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì tó pé ogójì, ìmọ̀ ìràwọ̀ ni, èyí tí Pisgah ń kọ́ wọn ní agogo méjì ọ̀sán nígbà tí kò sí ìràwọ̀ kan lójú ọ̀run. Ó yege. Ó wọ ẹ̀wù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ bá Fentress, rẹjísírà Gilead, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

"Àǹtí Verlene, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n…"

"Ṣùgbọ́n wo? Fentress, mo mọ̀ ọ́ láti ìgbà tó o máa ń sùn sórí bọ́ọ̀sì mi, tí itọ́ á máa já bọ́ sórí táì ẹ. Má ṣe ṣùgbọ́n fún mi o."

"Ogún ni òfin wa, Àǹtí. Ẹni tó bá máa gba dìgírì Gilead gbọ́dọ̀ ti ṣe ogún kọ́ọ̀sì ní Gilead. Mẹ́rìnlá lẹ ṣe lọ́dọ̀ wa."

Ó lọ sí Calloway. Ogún ni òfin àwọn náà. Mẹ́tàlá ló ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ó lọ sí Pisgah. Mẹ́tàlá. Rẹjísírà Pisgah, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ohun tó dunni, gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe méje sí i. Verlene ṣírò rẹ̀ níbẹ̀ lórí ìdúró: ọdún mẹ́ta àbọ̀, bí bọ́ọ̀sì bá gbà láti máa sinmi síbi kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ yóò ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Àjọni pín ìwé, ó pín omi ìlúwẹ̀ẹ́, ó pín ọ̀pọ̀lọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò rò láé pé àwọn máa pín ni èèyàn. Verlene ti di ti gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ni ín.

"Ọ̀nà kan ṣì wà," ni rẹjísírà Pisgah wí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Tí àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ buwọ́ lùwé kan, wọ́n lè gbójú fo òfin ogún yẹn."

Verlene náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé, lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́kún.

Leola wà ní ìdáná, ó ń bó ànàmọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni, ojú rẹ̀ ṣì mú, ẹnu rẹ̀ sì mú jù ú lọ.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Nu imú ẹ nígbà náà, kó o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Verlene sọ ọ́. Leola bó ànàmọ́ kan tán, ó mú òmíràn, kò bó o, ó gbé e sílẹ̀.

"Àpótí yíká kan wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù mi," ló wí. "Fìlà funfun ló wà níbẹ̀. Ọdún 1981 ni mo rà á, ọdún tó yẹ kó o gbàwé. O ti wà nídìí iná nígbà yẹn, mo mọ̀, mo kàn rà á ni. Mo ní ọmọ yìí máa padà lọ. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ lápá kan báyìí."

"Màmá, ẹ dákẹ́."

"Mi ò ní dákẹ́. Èmi ni mo pè ọ́ jáde."

"Ẹsẹ̀ yín ló kán."

"Ẹsẹ̀ mi ló kán, ẹnu mi ò kán. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn, mo lè pe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìwọ ni mo pè. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi." Ó mú ọ̀bẹ padà. "Àwọn mẹ́ta wo lo ní kí wọ́n buwọ́ lùwé? Ṣé àwọn tó o máa ń fi ọkọ̀ gbé yẹn? Áà. Nígbà náà, ọwọ́ ẹ ni wọ́n wà."

Verlene kọ lẹ́tà. Àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ibi tí nǹkan ti ń bani lẹ́rù nìyẹn. Dókítà Overstreet ti Gilead, ọkùnrin gíga tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìkéde, ní òun fọwọ́ sí i tọkàntọkàn, bí wọ́n bá ti fi orúkọ Gilead síwájú. Dókítà Pinkston ti Calloway, obìnrin kúkúrú tó le bí ẹyìn, ní kò sóhun tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti fi ìwé ránṣẹ́ sí òun kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àlùfáà Quarles ti Pisgah gbàdúrà lé e lórí. Àdúrà náà gùn, ó sì dé inú àká àgbàdo kó tó ṣe àmín. Oṣù kìíní kọjá, oṣù kejì kọjá, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, kò sí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni fi gègé kàn. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, Fentress sọ fún Verlene pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa ti ìwé orúkọ àwọn tó máa gba dìgírì lọ́dún yìí.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìpàdé ní Atlanta. Bọ́ọ̀sì Àjọni ni wọ́n sì máa bá lọ, nítorí kò sí ẹni tó gbà kí ẹlòmíràn fi mọ́tò tirẹ̀ gbé òun. Wọ́n wọlé, kálukú jókòó síbi tí ọ̀dà rẹ̀ wà: Overstreet níwájú, Pinkston láàárín, Àlùfáà Quarles lẹ́yìn pátápátá, ó ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tí táyà bá já sí kòtò. Verlene gbé wọn lọ, ó dúró dè wọ́n, ó ń gbé wọn bọ̀. Ewébẹ̀ tútù àti omi ni wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò ní ìpàdé náà. Nígbà tí wọ́n rin ìdajì ọ̀nà padà, ikùn Àlùfáà Quarles ń sọ̀rọ̀ débi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ níwájú.

Verlene yà kúrò lójú títì. Ó dúró níwájú ilé oníẹja kan tó ti mọ̀ tipẹ́, ó ra ẹja àrọ̀ díndín, búrẹ́dì àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti tíì tútù, ó tò ó sórí tábìlì onípákó lábẹ́ igi, abọ́ pépà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú kọ́mú rẹ̀.

"Ẹ jẹun," ló wí. "Ẹ jẹun dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kan."

Dókítà Overstreet wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí Verlene, mo ní ìpàdé ní agogo mẹ́rin."

"Ẹ ní in. Ẹ ṣì máa ní in lọ́la."

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe gan-an?" ni Dókítà Pinkston bi í, ẹja lẹ́nu.

"Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́. Dókítà Overstreet, èmi ni mo gbé yín lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí òkúta inú kíndìnrín fẹ́ pa yín, tẹ́ ẹ ké bí ọmọ ọwọ́. Ṣé mo sọ fẹ́nì kan?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni," ni Dókítà Pinkston wí, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

"Dókítà Pinkston, ta ló padà lọ gbé irun yín tẹ́ ẹ gbàgbé sí òtẹ́ẹ̀lì ní Savannah?"

Dókítà Pinkston gbé ẹja sílẹ̀. Àlùfáà Quarles tẹjú mọ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má kan òun.

"Mi ò fẹ́ fi nǹkan kan halẹ̀ mọ́ yín," ni Verlene wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ó rẹ̀ mí ni. Ìyá mi ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní fìlà kan nílé. Mo fẹ́ kó dé fìlà yẹn. Kò sí ohun mìíràn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù nínú ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ̀mí mi fẹ́ ẹ, Àǹtí," ni Overstreet wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá buwọ́ lù ú lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, àwọn tó jáde ní Gilead ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n á ní mo ta ilé wa."

"Lẹ́yìn ta ni?" ni Pinkston wí. "Ilé tí a bí ní 1867?"

"Àká àgbàdo…" ni Àlùfáà Quarles bẹ̀rẹ̀.

Verlene ò gbọ́ ìyókù. Abọ́ pépà kan tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ń wò ó. Ó gbé e sókè.

"Níbo ni iwájú ẹ̀ wà?"

"Iwájú kí ni?" ni Overstreet bi í.

"Abọ́ yìí. Ẹ fi orí ẹ̀ hàn mí. Ẹ fi ìdí ẹ̀ hàn mí."

Wọ́n wo abọ́. Wọ́n wo ara wọn. Verlene gba gègé lápò Àlùfáà Quarles, ó sì kọ ọ́ sí àárín abọ́ náà gbàgàdà pé: *Àwa tí orúkọ wa wà létí abọ́ yìí gbà pé Verlene Mae Tolliver ti parí.* Ó tẹ abọ́ náà sí àárín tábìlì.

"Gègé mẹ́ta ló wà níbí. Kálukú yín máa buwọ́ lù ú níbi tó jókòó sí, nígbà tí mo bá ní ó yá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣáájú, kó máa yí abọ́ náà títí ojú ẹ̀ á fi pòòyì."

"Lórí abọ́ ẹja, kẹ̀?" ni Àlùfáà Quarles wí. "Ìwé Pisgah, lórí abọ́ ẹja?"

"Olùdásílẹ̀ yín kọ́ èèyàn níwèé nínú àká àgbàdo, Àlùfáà. Abọ́ ló wá di ohun ìtìjú?"

Dókítà Pinkston ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Overstreet ní òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Verlene ní ó yá. Àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ ba abọ́ kan, orí Overstreet gbá ti Pinkston, epo ẹja tó wà lọ́wọ́ Àlùfáà Quarles kán sétí abọ́ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n yí i ká, kò sí èyí tó ṣáájú. Ohun tó ṣòro fún wọn fún ọdún mọ́kànlá láyé àtijọ́, wọ́n ṣe é kí tíì tó gbóná.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Verlene gbé abọ́ náà sórí tábìlì Fentress. Fentress yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi í bóyá ẹja àrọ̀ ni. Verlene ní ẹja àrọ̀ ni. Fentress gbìyànjú láti fi í sínú fáìlì, fáìlì kò gbà á. Níkẹyìn ó ya fọ́tò rẹ̀, ó kọ orúkọ Verlene sínú ìwé, Verlene sì gba abọ́ rẹ̀ padà, nítorí kò fọkàn tán wọn.

Ìgbà tí oṣù karùn-ún dé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbàwé, kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí pápá Gilead, nítorí àga tí wọ́n jọ ń lò kò pé fún ìpàdé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pápá yẹn náà ni, èyí tó wà láàárín ilé ìdáná àti kíláàsì ìtàn. Leola wà ní ìlà kejì nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí wọ́n yá fún un, ó dé fìlà funfun, ó yí ibi tí kòkòrò jẹ sí ẹ̀yìn kí Ọlọ́run nìkan lè rí i. Wọ́n pe àwọn ọmọ Gilead. Wọ́n pe àwọn ọmọ Calloway. Wọ́n pe àwọn ọmọ Pisgah. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo lórí àga, nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń ró lábẹ́ rẹ̀.

Overstreet bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Pinkston ti wà níbẹ̀. Àlùfáà Quarles na ọwọ́ gígùn kọjá láàárín wọn. Kò sí ẹni tó rántí kọ ọ́ sórí abọ́ pé ta ni yóò pe orúkọ.

"Ó yẹ kí Gilead, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀…"

"Ta ló ní tiyín ló ṣáájú?" ni Pinkston wí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà ná."

Ẹ̀rọ náà han gooro. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Ẹ̀rín kọ́ ni Verlene ń rín. Ó jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra lórí itan, ojú sì ń tì í. Ogójì ọdún ó lé, tó fi dé ibi tó ku àtẹ̀gùn mẹ́rin, àwọn mẹ́ta yìí tún fẹ́ sọ ọ́ di àwàdà.

Nígbà náà ni ohùn kan dún.

"Verlene! Verlene Mae Tolliver!"

Kò nílò ẹ̀rọ. Ó la pápá já, ó bá ògiri kíláàsì ìtàn, ó sì padà wá. Àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Verlene ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde, bó ti dìde lọ́jọ́sí, ó yíjú síbi tí ohùn náà ti wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ sáré.

Leola kò sí nínú kẹ̀kẹ́. Ó dúró gbọnin lórí ẹsẹ̀ tó kán, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, fìlà lórí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Mo ti dìde," ló ké sí i. "Padà sí kíláàsì ẹ!"